Bí a ṣe ń yọ irun tó dì lára ológbò onírun gígùn tí ẹ̀rù máa ń bà

Ìbéèrè kan náà là ń gbọ́ ṣáá láti Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ ní Benin: irun ológbò mi ti dì gbagidi, kò sì gbà kí n fọwọ́ kàn án, kí ni kí n ṣe? Ológbò onírun gígùn ni wọ́n sábà máa ń ní, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Persan tàbí Angora, tàbí ọmọ tí irú bẹ́ẹ̀ bí pẹ̀lú ológbò ilé. Ìdáhùn kúkúrú nìyí: ẹ gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ẹ má fi omi kàn án, ẹ má sì rò pé ẹ máa parí rẹ̀ lónìí. Dàda orí ọmọ là ń fi sílẹ̀. Ti ara ológbò ń fa awọ lójoojúmọ́, ó ń dùn ún bó bá ń rìn, ó ń dùn ún bó bá dùbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ológbò tí wọ́n ń pè ní oníjà, ìrora ló ń bá jà.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ irú kókó tí ẹ ní

Nígbà tó bá fúnra rẹ̀ wá fara nù yín, ẹ fi ìka méjì wá inú irun rẹ̀ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. Ẹ̀yìn etí, abíyá, ikùn, inú itan, abẹ́ ìrù àti ibi tí okùn ọrùn ń ra ni kókó máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ lè máa dán gbinrin, kí abẹ́ ikùn sì ti bàjẹ́ pátápátá, nítorí náà ẹ má fi ojú wò ó nìkan.

- Kókó rírọ̀: kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ìka lè wọ àárín rẹ̀, ẹ sì lè mì ín kí awọ má tẹ̀ lé e. Èyí ṣeé yà.
- Kókó líle: ó ki, kò gba ìka, bí ẹ bá sì mì ín, awọ á gbéra tẹ̀ lé e. Fífá ni oògùn rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ yà á, ẹ kàn máa dá ológbò lóró ni.
- Irun tó ti so pọ̀ di odindi: kókó ti mọ́ kókó títí tó fi bo ikùn tàbí ẹ̀gbẹ́. Dókítà ẹran ló ni èyí, lẹ́yìn tó bá ti fún un ní oògùn tó ń mú un sùn. Kò sí ọ̀nà ilé kan tó dára fún un.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran láìfi falẹ̀, bí kókó tilẹ̀ kéré, bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí:

- egbò, ọyún, òórùn burúkú tàbí ìdin lábẹ́ irun (ooru àti òjò ibí yìí ń jẹ́ kí eṣinṣin tètè yé ẹyin sí awọ tó tutù);
- ìgbẹ́ tó gbẹ mọ́ kókó tó sì dí ìdí rẹ̀, tàbí kókó tó bo ojú ibi tó ń gbà tọ̀;
- ológbò tó ti ń gé èèyàn jẹ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ kan ibẹ̀;
- ológbò tó lóyún tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ;
- ológbò àgbà tó ṣàdédé ṣíwọ́ lílá ara rẹ̀.

## Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Òòyà onírin tí eyín apá kan rẹ̀ fẹ̀, tí ti apá kejì sún mọ́ra. Òòyà ike tí a fi ń yarí lè dá sínú kókó, nígbà ọyẹ́ ó sì máa ń ta iná pẹ́pẹ́ sí irun. Ìtapẹ́pẹ́ yẹn nìkan tó láti lé ológbò ojo sábẹ́ ibùsùn.
- Maïzena, ìyẹ̀fun àgbàdo kíkúná tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣíbí kékeré kan tó kókó kan. Kì í ṣe ògì. Ẹ má sì lo pàúdà ọmọdé, nítorí eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n fi talc ṣe.
- Aṣọ ìnura méjì tó nípọn, ọ̀kan fún ilẹ̀, ọ̀kan fún wíwé.
- Ẹja bíbọ̀ tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀, tí ẹ ti já sí wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà. Kò gbọdọ̀ ní iyọ̀, ata, àlùbọ́sà tàbí áyù. Àlùbọ́sà àti áyù ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, nítorí náà ẹja inú ọbẹ̀ kò bá a lára mu.
- Ẹ̀rọ ìgẹrun, bí kókó líle bá wà. Ti ẹranko tí abẹ rẹ̀ jẹ́ nọ́mbà 10 ló dára jù. Ó máa ń ṣẹ́ irun kù ní nǹkan bí mìlímítà 1.5. Èyí tó ń lo bátìrì dára ju oníwáyà lọ: ariwo rẹ̀ kéré, iná kò sì ní lọ mọ́ yín lọ́wọ́.

Àwọn kan máa ń yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ onígbàjámọ̀. Ó lè ṣiṣẹ́ bí eyín abẹ rẹ̀ bá sún mọ́ra tó sì mú. Èyí tí wọ́n ti pọ́n abẹ rẹ̀ títí tó fi yọ jáde, tí wọ́n fi ń fá orí kodoro, kì í ṣe fún ológbò: ó máa ń ha awọ. Ẹ fọ abẹ náà mọ́ kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì tún fọ̀ ọ́ kí ẹ tó dá a padà. Làpálàpá ń ràn láti ara ológbò sára èèyàn, láti ara èèyàn sára ológbò.

## Ohun tí kò gbọdọ̀ kan ológbò

Apá yìí la fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Àlùmọ́gàjí àti abẹ ìfárí. Awọ ológbò fẹ́lẹ́, kò sì lẹ̀ mọ́ ẹran. Bí ẹ bá fa kókó sókè, awọ ń bá a wá sókè, á sì wọ inú kókó náà níbi tí ojú yín kò lè rí i. Ẹni tó bá gé irun lábẹ́ kókó, awọ ló ń gé. Ìpalára tó wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, àwọn tó fara balẹ̀ jù pàápàá ń ṣe é.

Omi. Irun tó dì máa ń fún mọ́ra sí i bó bá tutù tó sì tún gbẹ. Ẹ tú kókó tán kí ẹ tó ronú wíwẹ̀.

Kẹrosíìnì àti epo bẹntiróòlù inú ìgò. Àwọn kan ń fi pa eégbọn tàbí kí wọ́n ní ó ń mú irun rọ̀. Ó ń jó awọ, ológbò á sì lá a mì.

Òróró, òrí, àdín àgbọn. Wọn kò ní pa á, ṣùgbọ́n eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, eyín ẹ̀rọ á dí, ológbò á sì lá a títí inú rẹ̀ á fi máa ṣí. Iṣẹ́ méjì lẹ fi rọ́pò ẹyọ kan.

Paracetamol. Ó ń pa ológbò. Ẹyọ kan péré lè pa á, ìdajì rẹ̀ náà kò sì dára. Oògùn oorun tàbí oògùn ìrora èèyàn mìíràn náà kò gbọdọ̀ wọ ẹnu rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà ẹran ló sọ bẹ́ẹ̀.

Oògùn eégbọn ti ajá. Ẹ wo ara páálí rẹ̀: bí ẹ bá rí *perméthrine* níbẹ̀, ẹ gbé e jìnnà. Ó ń mú ológbò gbọ̀n títí á fi kú. Òróró olóòórùn dídùn inú ìgò kékeré, pàápàá *tea tree*, náà léwu.

## Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú: ẹ jẹ́ kó mọ òòyà

Ológbò tí ẹ̀rù ń bà kì í gbàgbé ibi tí wọ́n ti dì í mú. Bí ẹ bá fi agbára yọ kókó kan lónìí, mẹ́wàá tó kù á le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan:

1. Ẹ gbé òòyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ má ṣe ohunkóhun pẹ̀lú rẹ̀.
2. Lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, ẹ fi ẹ̀yìn òòyà, kì í ṣe eyín rẹ̀, kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fún un ní ẹja kan.
3. Bó bá ti gba ìyẹn, ẹ ya irun ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dán, níbi tí kò sí kókó kankan. Ẹ yà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹja kan.
4. Bí ẹ bá máa lo ẹ̀rọ, ẹ tàn án nínú yàrá kejì nígbà tó bá ń jẹun. Lọ́jọ́ kejì, ẹ sún un mọ́ ọn díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa á, kí ẹ gbé e lé èjìká rẹ̀, kó mọ̀ ọ́n lára.

Bó bá sá níbi ìgbésẹ̀ kan, ẹ padà sí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ má lé e. Ẹ má sì wọ́ ọ jáde lábẹ́ àga láé.

## Yíyà kókó rírọ̀

Ẹ yan àkókò tí ilé dákẹ́: ọ̀sán tí àwọn ọmọ wà ní ilé ìwé, kì í ṣe ọjọ́ tí àwọn aládùúgbò gbé gbohùngbohùn jáde. Ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Yàrá kékeré tí kò sí ihò àtisá ló dára jù.

1. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má yọ̀. Ẹ jókòó, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí yín. Ológbò tí ẹ ń wò lójú kòrókòró gbà pé ìjà dé.
2. Ẹ wọ́n Maïzena díẹ̀ sórí kókó, kí ẹ fi ìka pa á wọlé. Ó ń jẹ́ kí irun yọ̀ lára ara wọn.
3. Ẹ fi ìka méjì ọwọ́ òsì di ìdí irun mú, láàárín awọ àti kókó. Ibí yìí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Bí ìdí bá wà lọ́wọ́ yín, fífà náà á parí sí ìka yín, kò ní dé awọ. Bí ibi tí ẹ lè dì mú kò bá sí, kókó líle ni. Ẹ fò ó.
4. Ẹ fi ìka ya kókó sí méjì, lẹ́yìn náà sí mẹ́rin, láti ìta wá sínú.
5. Ẹ mú òòyà, ẹ fi eyín méjì tàbí mẹ́ta tó kẹ́yìn rẹ̀ nìkan yà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó irun, kí ẹ máa sún sí ìdí díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ń fún kókó pọ̀ ni.
6. Bí ẹ bá ti yà á lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹja kan. Kó máa jẹ ẹ́ nígbà tí ọwọ́ yín ṣì wà lára rẹ̀.
7. Ẹ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, bó tilẹ̀ ń gbà á. Kókó kan tàbí méjì tó fún ọjọ́ kan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí ológbò dákẹ́, kí èèyàn wá rò pé ó ti gbà, kó máa bá iṣẹ́ lọ fún ogún ìṣẹ́jú. Ológbò tó gan tí kò mira kò gbà. Ẹ̀rù ti mú un débi pé kò lè sá.

### Àmì pé ó tó

- ìrù ń lu ilẹ̀ tàbí ó ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún;
- etí ti tẹ̀ sẹ́yìn, dúdú ojú ti fẹ̀ kún ojú;
- awọ ẹ̀yìn ń já wìnnìwìnnì;
- ó ń yí orí lójijì sí ọwọ́ yín, tàbí ó ń kùn nínú ọ̀fun;
- kò jẹ ẹja tó fẹ́ràn mọ́.

Ẹyọ kan nínú wọn ti tó láti dá iṣẹ́ dúró. Bó bá la ẹnu tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá, ẹ fi í sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ tútù wà. Bí kò bá rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, dókítà ẹran ni.

## Fífá kókó líle

Èèyàn méjì ló ń ṣe èyí. Ọ̀kan ń di ológbò mú, ó sì ń fún un lẹ́ja; èkejì ń fá. Ẹ má gbá a lọ́rùn gbé sókè bí ìyá rẹ̀ ti ń gbé e nígbà tó wà lọ́mọ. Àgbà ológbò ń rí i bí ìkọlù.

1. Ẹ fi aṣọ ìnura wé e títí dé ọrùn, kí ẹ yọ apá ibi tí kókó wà nìkan síta. Wíwé náà gbọdọ̀ dì, kó má sì fún un ní àyà.
2. Ẹ fi ọwọ́ òsì na awọ agbègbè kókó náà kó tẹ́jú. Awọ ni ẹ ń nà. Ẹ má fa kókó sókè.
3. Ẹ gbé abẹ ẹ̀rọ sílẹ̀ pẹrẹsẹ lé awọ, kí ẹ sì tì í lọ díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ kókó. Bí orí abẹ bá dojú kọ awọ, á gé e.
4. Kókó á máa ká sẹ́yìn bí ẹ ti ń lọ. Ẹ jẹ́ kó ká fúnra rẹ̀.
5. Ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, ẹ fi abẹ kan inú ọrùn ọwọ́ yín. Bó bá gbóná sí yín, ó ti ń jó ológbò. Ẹ pa á kó tutù.
6. Kókó kan tàbí méjì, kí ẹ sinmi títí di ọjọ́ kejì.

Abíyá, awọ tó so ikùn mọ́ itan àti ìdí ìrù ní ìṣẹ́po awọ tó ń wọ inú eyín ẹ̀rọ kíákíá. Ọmú wà lábẹ́ irun ikùn, akọ náà ní ọmú. Bí ẹ kò bá tíì fá ológbò rí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn tàbí èjìká, kí ẹ fi àwọn ibi wọ̀nyí sílẹ̀ fún dókítà.

### Bí kò bá sí ẹ̀rọ

Ọ̀nà kan wà tí a kò fẹ́ràn, òun nìkan ló sì gba àlùmọ́gàjí láyè, ṣùgbọ́n ó sàn ju àdábọwọ́ lọ. Ẹ ki apá òòyà tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra bọ àárín awọ àti kókó. Bí kò bá wọlé, ó parí síbẹ̀. Kò sí gígé. Bó bá wọlé, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó dáàbò bo awọ, kí ẹ sì fi àlùmọ́gàjí olórí róbótó gé irun lókè òòyà nìkan, ní díẹ̀díẹ̀. Ológbò tí kì í dúró jẹ́ẹ́ kò bá ọ̀nà yìí mu rárá.

## Gbígbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran

Fún ológbò tí ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀, èyí ni àánú jù lọ. Ogún ìṣẹ́jú lójú oorun sàn ju oṣù kan tí ẹ ń fi jà. Ní ìlú tó jẹ́ pé màlúù àti ewúrẹ́ ni dókítà ń tọ́jú jù, ẹ kọ́kọ́ fóònù béèrè nǹkan mẹ́ta: ṣé ó ń gba ológbò? Ṣé ó ní oògùn ìmúnisùn tó yẹ ológbò? Ṣé ó ní ẹ̀rọ ìgẹrun, àbí kí ẹ mú tiyín wá?

Ẹ tún béèrè bóyá ó lè fún yín ní oògùn ìfarabalẹ̀ tí ẹ máa fún un nílé kí ẹ tó jáde; *gabapentine* ni ọ̀pọ̀ ń lò. Òun ni kó sọ ìwọ̀n rẹ̀, òun náà ni kó sọ ìgbà tí ológbò gbọdọ̀ ṣíwọ́ oúnjẹ kí wọ́n tó mú un sùn. Ẹ má fi ojú wọn ọ̀n.

Lórí zem (alùpùpù akérò), àpótí tàbí agbọ̀n tó ní ìdérí tí ẹ so pinpin ni, tí ẹ fi aṣọ bò. Ológbò tí ẹ gbé sáyà lásán á fò sílẹ̀ níbi ìró fèrè àkọ́kọ́.

## Bí nǹkan bá yíwọ́

Awọ ya. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́. Awọ ológbò lè la gbàà kó má ṣe ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, nítorí náà ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ wọ̀n ọ́n. Bó bá ti là, ó fẹ́ rírán lọ́jọ́ náà. Ẹ má da ọtí tàbí ata sí i.

Ó gé yín jẹ tàbí ó ha yín. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Eyín ológbò kéré ṣùgbọ́n ó ń wọlé jìn, ojú rẹ̀ ń tètè pa dé, ọyún á sì kù sínú. Àrùn dìgbòlugi wà ní Benin, kì í sì í ṣe ajá nìkan ló ń kó o ranni. Ẹ sọ fún dókítà bóyá ológbò náà ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ó ń gbọn etí lẹ́yìn tí ẹ yọ kókó ẹ̀yìn etí. Ẹ wo bóyá ewé etí ń wú. Bó bá wú tó sì rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ló kó sí i. Ó fẹ́ dókítà.

## Lẹ́yìn tí kókó bá kúrò

Awọ tó pupa díẹ̀ tí kò ṣẹ̀jẹ̀ á rọlẹ̀ ní ọjọ́ kan sí méjì. Kí ẹ má kùn ún ní nǹkan kan, nítorí ohun tí ẹ bá kùn, ó máa lá a. Èérí dúdú wẹ́wẹ́ tí ẹ bá rí níbẹ̀, ẹ fi í sórí bébà funfun tí ẹ ti fi omi rin: bó bá tàn pupa, ìgbẹ́ eégbọn ni, ẹ béèrè oògùn eégbọn ti ológbò. Ẹ má jẹ́ kí ibi tí ẹ fá rí oòrùn ọ̀sán, pàápàá bí ológbò bá funfun. Irun náà á hù padà, ṣùgbọ́n ó máa ń gba oṣù mélòó kan kó tó gùn bíi ti tẹ́lẹ̀, àti lára àwọn kan ó lè kọ́kọ́ dúdú ju ti àtijọ́ lọ.

## Kó má bàa padà

Ọ̀rinrin ọ̀sà ní Àjàṣẹ́, òjò àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò káàkiri, gbogbo wọn ń ran kókó lọ́wọ́.

- Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: ẹ yà á lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú méjì-méjì.
- Ìgbà òjò: lójoojúmọ́. Bí òjò bá pa á, ẹ fi aṣọ tẹ omi kúrò lára rẹ̀. Ẹ má fi aṣọ ra irun, ríra ló ń so ó.
- Ìgbà ọyẹ́: ẹ fi ọwọ́ tí ẹ ti fi omi rin díẹ̀ pa á lára kí ẹ tó ya á, kí òòyà má bàa ta pẹ́pẹ́.
- Abíyá àti ẹ̀yìn etí ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, kó má jẹ́ ìparí, nígbà tí sùúrù rẹ̀ ti tán.
- Ẹ bọ́ okùn ọrùn bí kò bá pọn dandan.

Bí ẹ bá ń ṣe gbogbo èyí tí kókó ṣì ń padà sí ibì kan náà, ìbéèrè ti yí padà. Ológbò tó sanra jù kò lè dé ìdí rẹ̀. Èyí tí oríkèé ń dùn kò lè yí ẹ̀yìn. Èyí tí eyín ń dùn kì í lá ara rẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran wo ẹnu rẹ̀ kó sì tẹ oríkèé rẹ̀ wò, pàápàá bó bá ti ju ọdún 10 lọ.